Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ ẹni tó ní àìsàn páńkíríàsì: ibi tó ti ń wá, àti ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n tètè rí i

Bí ẹnìkan bá yàgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá a jáde, jẹ̀díjẹ̀dí lorúkọ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. Bí òkè ìdodo bá ń ro ó, a ní ọ́lsà ni. Orúkọ méjèèjì máa ń bá a mu lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn kan wà tí kò yẹ kí ọ̀rọ̀ wọn parí síbẹ̀: àwọn tí páńkíríàsì wọn, ẹ̀yà ara tó ń ṣe omi tó ń tú oúnjẹ, ti ń wú, tó ń rọlẹ̀, tó tún ń wú, fún ọdún gbọọrọ. Ẹ̀jẹ̀ lè máa jò lára irú wọn láti ibi tó fara sin. Ó lè dá fúnra rẹ̀, kí gbogbo ilé máa dúpẹ́, kó sì tún yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan pẹ̀lú agbára tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n lè ti kámẹ́rà gba ọ̀nà ọ̀fun, kí wọ́n wò ó títí, kí wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan.

Ìṣòro yìí ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ ó máa ń pa èèyàn, ó sì ní ìtọ́jú, ohun tó sì ń dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé àkókò tó yẹ kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà sábà máa ń dá, tí aláìsàn á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, tó máa gba ilé lọ.

Páńkíríàsì wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, ó nà gbalaja níwájú eegun ẹ̀yìn. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Orí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, níbi tí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré ti ká yí i. Ìrù rẹ̀ gùn dé abẹ́ ìhà òsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sípílíìnì, ẹ̀yà ara kan tó ń bá wa fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Òun ló ń pèsè ínsúlínì tó ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Òun náà ló ń ṣe omi tó ń tú oúnjẹ, èyí tó máa ń lé ní lítà kan lójúmọ́. Omi yìí ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan tó la páńkíríàsì já láti ìrù dé orí, ojú ọ̀nà tí Johann Georg Wirsung, ará Jámánì, rí ní ìlú Padua ní Ítálì ní ọdún 1642. Ó ń tú jáde sínú ìfun láti ẹnu ihò kékeré kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ihò kékeré yẹn sọ́kàn, torí a máa padà síbẹ̀.

Omi tó lè tú ẹran tí a jẹ lè tú ẹran ara tiwa náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú ìfun ló ti ń jí, kì í jí nínú páńkíríàsì fúnra rẹ̀ bí ara bá dá. Bí àìsàn bá wọlé, ó lè jí ṣáájú àkókò, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ibi tó ti jáde wá. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, àpá á bo inú páńkíríàsì, òkúta á máa dì sínú ojú ọ̀nà omi rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe á máa ní ìrora lókè ìdodo tó ń gún dé ẹ̀yìn, tó ń le sí i bó bá jẹun tán, tó máa ń dẹwọ́ díẹ̀ bó bá jókòó tó tẹ̀ síwájú. Á máa rù. Ìgbẹ́ rẹ̀ á kún fún ọ̀rá, á máa léfòó, èèyàn á da omi sí i títí kó tó lọ. Tó bá yá, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà lè dé.

Ọtí líle tí èèyàn ń mu lámujù fún ọdún púpọ̀ wà lára ohun tó wọ́pọ̀ jù tó ń fà á, sìgá náà sì ń dá kún un gan-an. Àwọn kan jogún rẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká máa fojú ọ̀mùtí wo gbogbo ẹni tó bá ní in, nítorí irú kan wà tó ń mú àwọn ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ olóoru láìjẹ́ pé wọ́n fẹnu kan ọtí. Ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù, àmọ́ àwa náà mọ ọ̀rọ̀ òkúta inú páńkíríàsì: ní 1969, àwọn dókítà láti Ìbàdàn kọ ìròyìn nípa aláìsàn 45 tí wọ́n bá a lára wọn sínú British Medical Journal. Wọ́n ti fẹ̀sùn kan ẹ̀gẹ́ rí pé òun ló ń fa irú ti ilẹ̀ olóoru yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn náà kò fìdí múlẹ̀.

Ó dáa, ẹ̀jẹ̀ wá ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọkàn yín balẹ̀. Bí ẹni tó ní àìsàn páńkíríàsì bá ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ohun tó ń fà á sábà máa ń jẹ́ nǹkan tí gbogbo dókítà mọ̀ dáadáa. Ó lè jẹ́ ọ́lsà gidi, pàápàá bó bá jẹ́ pé diclofenac tàbí ibuprofen ló fi ń pa ìrora lójoojúmọ́, torí oògùn wọ̀nyẹn máa ń dá egbò sí àpò oúnjẹ. Ó lè jẹ́ pé ọtí ti ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun sì wú. Ó lè jẹ́ pé èébì tó bì kíkankíkan ló ya ọ̀nà ọ̀fun. Kámẹ́rà máa ń rí gbogbo èyí. Ọ̀nà méjì tó kù, tó jẹ́ ti àìsàn páńkíríàsì gan-an, ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ.

Àkọ́kọ́ ni ti iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn. Èyí tó tóbi jù nínú èyí tó kan páńkíríàsì ń gba etí òkè rẹ̀ lọ sí sípílíìnì, ó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ lọ bẹ́ẹ̀. Bí omi páńkíríàsì bá ń jò sí i lára, á máa jẹ ògiri rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré nínú rẹ̀ á gba ibi tó ti fẹ́lẹ́ yọ, ẹran àti àpá tó wà láyìíká á sì há a mọ́bẹ̀, á wá yọ kókó bí táyà ọkọ̀ ṣe ń yọ kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó bẹ́. Orúkọ tí wọ́n máa kọ sínú ìwé àyẹ̀wò ni pseudoaneurysm. Bí ẹ bá rí i nínú èsì àyẹ̀wò ẹnikẹ́ni tó jẹ́ tiyín, kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ di ìgbà tí owó bá wọlé. Kódà bí kò tíì ṣẹ̀jẹ̀, ó yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, torí ìgbà tó máa bẹ́ kò yé ẹnìkan. Iṣan ti sípílíìnì ló ń mú jù nítorí pé òun ló fara mọ́ páńkíríàsì jù. Àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ orí páńkíríàsì, tó ń lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, ló tẹ̀lé e.

Kókó náà lè bẹ́ sínú ikùn, kí ẹ̀jẹ̀ kún ikùn láìsí èyí tó yọ síta. Ó lè bẹ́ sínú àpò omi tó máa ń dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ páńkíríàsì tó wú. Ó sì lè bẹ́ sínú ojú ọ̀nà tóóró tí Wirsung rí yẹn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń dojú ọ̀rọ̀ rú jù, torí ẹ̀jẹ̀ á gba ojú ọ̀nà omi, á gba ẹnu ihò kékeré jáde sínú ìfun, á wá di ìgbẹ́ dúdú. Lower àti Farrell ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní 1931. Philip Sandblom, oníṣẹ́ abẹ ará Sweden, ló fún un ní orúkọ tí wọ́n ń pè é títí dòní, hemosuccus pancreaticus, ní 1970. Ìṣirò tí àwọn ìwé ìṣègùn sábà máa ń tọ́ka sí ni pé nínú nǹkan bí 1,500 èèyàn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ọ̀nà oúnjẹ wọn, ẹyọ kan ni tiẹ̀ máa jẹ́ èyí. Dókítà lè ṣiṣẹ́ títí kó fẹ̀yìn tì láì rí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkùnrin kan wà tó ti ń fara da ìrora páńkíríàsì láti ọdún mẹ́wàá. Ó mọ ìrora rẹ̀ bó ṣe mọ ilé rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìrora náà yàtọ̀: ó ń le sí i, ó ń fún un lọ́kè ìdodo, oògùn kò ràn án. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó rọlẹ̀ lójijì. Ara tù ú. Ó sùn. Ní àárọ̀, ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ tó máa ń funfun, tó máa ń léfòó, ti di dúdú kirikiri. Oòyì kọ́ ọ bó ṣe dìde. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní ọ́lsà òun ti dé. Ọjọ́ kejì, ìgbẹ́ rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò, ó gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún ṣẹlẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn rẹ̀ nìyí. Ẹ̀jẹ̀ ya wọ ojú ọ̀nà omi páńkíríàsì, ó dì, ó sì dí i. Omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí ibi gbà, ojú ọ̀nà náà fẹ̀ kọjá agbára rẹ̀, ìrora dé. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì náà tú, tó ṣàn sínú ìfun, ojú ọ̀nà là, ìrora dẹwọ́. Nígbà tó bá yá, ẹ̀jẹ̀ yọ nínú ìgbẹ́. Ìrora tó le, tó wá rọlẹ̀, tí ìgbẹ́ dúdú tẹ̀ lé e, tó tún ń pààrà bẹ́ẹ̀: bí mo bá ní kí ẹ mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ, èyí ni. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló ń rí i báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i, kó sọ ọ́ bó ṣe tẹ̀ léra gan-an fún dókítà, torí kò sí ẹ̀rọ tó lè bá a sọ ọ́.

Ọ̀nà kejì jẹ́ ti iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà láti sípílíìnì. Ẹ̀yìn páńkíríàsì gan-an ló ń gbà kọjá, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Bí páńkíríàsì bá ń wú tó ń ṣàpá, ó lè fún un pa, kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀ á wá ọ̀nà mìíràn, á máa gba àwọn iṣan kéékèèké tó wà lókè àpò oúnjẹ. Wọn kò fi wọ́n ṣe fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wú, wọ́n á lọ́, ògiri wọn á fẹ́lẹ́, wọ́n sì lè bẹ́. Iṣan wíwú báyìí sábà máa ń mú kí dókítà ronú sí ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n nínú ti páńkíríàsì, ẹ̀dọ̀ lè dá ṣáká. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé iṣan wú lókè àpò oúnjẹ, tí àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ sì dára, ẹ bi wọ́n léèrè iṣan sípílíìnì. Inú mi dùn láti sọ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí iṣan yìí ti dí ni kì í ṣẹ̀jẹ̀ rárá.

Kí ló dé tí kámẹ́rà fi lè wọlé kó má rí nǹkan? Nǹkan méjì ni. Èkíní, ẹ̀jẹ̀ inú ojú ọ̀nà omi kì í dà lásìkò gbogbo. Bí wọ́n bá wo inú ní ọjọ́ tó dá, kò sí ohun tí wọ́n máa rí. Èkejì, ihò kékeré tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn wà lára ògiri ìfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò kọjú sí ẹni tó ń bọ̀ láti òkè. Kámẹ́rà tí wọ́n sábà ń lò fún endoscopy, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń ti kámẹ́rà gba ọ̀nà ọ̀fun ṣe, ń wo iwájú. Ó lè gba ẹ̀gbẹ́ ihò náà kọjá láì rí i dáadáa. Kámẹ́rà mìíràn wà tó ń wo ẹ̀gbẹ́, òun ló ń fojú kan ihò náà tààrà, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń kán láti ibẹ̀ lákòókò náà, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Nítorí náà, fún ẹni tó ní àìsàn páńkíríàsì, "endoscopy kò rí nǹkan kan" kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ tí èèyàn fi ń lọ sílé. Ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n wá a níbòmíràn.

Ibòmíràn náà ni CT scan tí wọ́n fi oògùn tó ń tànmọ́lẹ̀ sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní CT angiogram. Ó máa ń fi kókó ara iṣan hàn, ó máa ń fi iṣan tó dí hàn, ó sì tún ń fi ipò tí páńkíríàsì fúnra rẹ̀ wà hàn. CT lásán tí kò ní oògùn yẹn nínú lè má fi í hàn. Ẹ béèrè pé irú èwo ni wọ́n fẹ́ ṣe.

Tí wọ́n bá rí kókó náà, ìtọ́jú tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú lónìí kì í la ikùn. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún iṣan tó wà níbi tí itan ti pàdé ara, wọ́n á ti wáyà rírọ̀ kan gba inú iṣan gòkè, wọ́n á máa fi X-ray wò ó títí á fi dé ibi kókó náà. Wọ́n á wá fi àwọn wáyà tín-ín-rín tó ń ká jọ dí iṣan náà níwájú kókó àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ dí ìhà méjèèjì, torí pé bí wọ́n bá dí iwájú nìkan, ẹ̀jẹ̀ lè gba ọ̀nà mìíràn yí wọlé láti ẹ̀yìn. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, èyí máa ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Bó bá kọ̀, tàbí tó tún padà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń ya débi pé àyè kò sí, iṣẹ́ abẹ ló kàn: wọ́n lè gé ìrù páńkíríàsì pẹ̀lú sípílíìnì, tàbí kí wọ́n so iṣan náà. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ńlá wa ló ní ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ fún iṣẹ́ wáyà yìí. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹbí béèrè ní kùtùkùtù, nígbà tí aláìsàn ṣì lágbára tí wọ́n lè fi gbé e lọ síbi tó wà, dípò ìgbà tí PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ti jábọ́.

Fún ti iṣan tó dí tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n lè fún iṣan wíwú náà ní abẹ́rẹ́ gọ́ọ̀mù láti inú kámẹ́rà, wọ́n lè yọ sípílíìnì kúrò, tàbí kí wọ́n dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bá a. Ẹni tí wọ́n bá yọ sípílíìnì rẹ̀ nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn kòkòrò bíi pneumococcus àti meningococcus. Ibà sì lè mú un gidigidi ju ẹlòmíràn lọ, nítorí sípílíìnì wà lára ohun tó ń fọ kòkòrò ibà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa fi ọjọ́ mẹ́ta mu àgbo kó tó lọ ṣàyẹ̀wò ibà. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá gbóná ni kó lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ilé. Ìgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ láti òkè wà nínú rẹ̀ kì í sábà pọ́n. Ó máa ń dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n ń yọ́ sí títì, ó máa ń lẹ̀, ó máa ń dán, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ìgbẹ́ tí a mọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú lè ya ìgbẹ́ dúdú láìsí ẹ̀jẹ̀, àmọ́ tiẹ̀ kì í sábà lẹ̀, kì í sì í rùn bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń ya púpọ̀, ó lè pọ́n, èèyàn sì lè bì í jáde, ní pupa tàbí bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Ẹ yẹ atẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ ìpéǹpéjú wò bóyá wọ́n ti funfun. Bí òógùn tútù bá bò ó, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, tí oòyì ń kọ́ ọ bó bá dìde, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tó lè fa ẹ̀jẹ̀ sí èèyàn lára. Bí ẹ bá wà ní Ìlú Ọba, 999 ni kí ẹ pè; ní Amẹ́ríkà, 911; ní Nàìjíríà, 112 wà, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá wà nítòsí, ẹ má tìtorí ìpè fi àkókò ṣòfò. Ẹ mú ẹni méjì tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dání, torí wọ́n máa béèrè. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú ọ̀rá kan, títí kan àgbo àti àwọn tó ń rà lójú pópó. Ẹ má fún un lóúnjẹ. Ẹ má fún un ní àgbo jẹ̀dí, ẹ má sì fún un ní oògùn ìrora mìíràn lójú ọ̀nà. Bó bá ń lo oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn nítorí ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kíákíá, òun ló máa pinnu ohun tó kàn.

Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù lọ ni gbólóhùn tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín ní ẹ̀ka pàjáwìrì: "Ó ní àìsàn páńkíríàsì, ó ti pẹ́." Ẹ má ní ọ́lsà ló ń ṣe é. Ẹ má tijú nítorí ọtí, bó bá wà níbẹ̀, torí ìtìjú yẹn ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn pa ìtàn àìsàn wọn mọ́, kí dókítà sì máa wá ohun tó sọnù sí iyàrá mìíràn. Bí ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ bá wà nílé, CT tàbí scan èyíkéyìí, ẹ mú un dání, àní kó ti gbó. Wọ́n lè fi èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wé ti òní, kí wọ́n rí kókó tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì dá lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, tí wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé láì tíì ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ikùn rẹ̀, ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ìgbà wo ni wọ́n máa yà á, kí ẹ sì gba ọjọ́ náà sínú ìwé kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.